Excel, R àbí Python: èwo ni kí òṣìṣẹ́ owó kọ́kọ́ kọ́?

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kékeré kan n'Íbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó. Tí oṣù bá ti ń parí lọ, oorun rẹ̀ á dínkù. Fáìlì Excel 14 ni yóò wọlé láti ẹ̀ka 14. Yóò ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò kó tinú èyí lẹ̀ mọ́ tinú ìyẹn, títí yóò fi rí iye owó tí àwọn oníbàárà jẹ tí wọn kò tíì san. Lóṣù kẹta ọdún yìí ó pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ní kí n lọ kọ́ Python. Ẹlòmíràn ní R ni wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ wa. Ọ̀gá wa ní Excel ti tó wa. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?"

Excel, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n; R àti Python ní tiwọn jẹ́ èdè tí èèyàn fi ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀lé. Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣiṣẹ́ owó, mo sì ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe àṣìṣe tí mo ṣì ń rántí. Ohun tí mo wá rí ni pé ìbéèrè kan wà tó ṣáájú "èwo ló dára jù". Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí ní ọ́fíìsì, ta ni yóò tún iṣẹ́ yín ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tí iye tó máa rí yóò sì bá tiyín mu? Ìbéèrè yẹn ni mo fi wọn àwọn mẹ́ta yìí wò.

Iṣẹ́ kan náà, lọ́nà mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká fún wọn níṣẹ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń bá owó ṣe ní Nàìjíríà: iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là sí náírà. Báńkì àpapọ̀, CBN, máa ń gbé iye ojoojúmọ́ sórí ìkànnì rẹ̀. Ká ní ẹ ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ sọ fáìlì náà ní dola.csv, ọjọ́ wà ní òpó kìíní, iye wà ní òpó kejì, ọjọ́ tó pẹ́ jù ló wà lókè. Ohun tí ọ̀gá fẹ́ mọ̀ ni pé báwo ni iye yìí ṣe ń mì tó láti ọjọ́ kan sí èkejì. Ilé iṣẹ́ náà sì jẹ gbèsè dọ́là, nítorí náà ó tún fẹ́ mọ bí ọjọ́ tí kò dára ṣe lè burú tó.

Nínú Excel, ẹ ó lọ sí àpótí C3, ẹ ó kọ fọ́múlà yìí, tó ń wọn bí iye ṣe yí padà láti ọjọ́ kan sí èkejì, ẹ ó sì fà á dé ìsàlẹ̀:

=LN(B3/B2)

Lẹ́yìn náà, ẹ ó kọ méjì yìí sí àpótí tó bá wù yín. Èkíní, standard deviation, ń wọn bí iye ṣe ń mì tó; èkejì, quantile, ń fún yín ní iye tí ọjọ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún kò kọjá:

=STDEV.S(C3:C251)
=PERCENTILE.INC(C3:C251,0.95)

Nínú R:

d <- read.csv("dola.csv")
r <- diff(log(d$iye))
sd(r)
quantile(r, 0.95)

Nínú Python:

import pandas as pd
import numpy as np
d = pd.read_csv("dola.csv")
r = np.log(d["iye"]).diff().dropna()
print(r.std())
print(r.quantile(0.95))

Iye kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa bí. Ọ̀nà tí quantile ń gbà ṣírò nínú R, bí ẹ kò bá sọ pé kó lo òmíràn, òun náà ni pandas (àkójọ irinṣẹ́ Python tí a pè ní pd lókè yìí) ń lò, òun náà sì ni PERCENTILE.INC.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wo ohun tó wà nínú fáìlì náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, CBN tú okùn tó fi so náírà mọ́lẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 471 fi bẹ́ẹ̀ parí ọjọ́ náà ní nǹkan bí 664. Lójú LN, ìfò yẹn jẹ́ nǹkan bí 0.34 lọ́jọ́ kan péré. Bí fáìlì yín bá jẹ́ ti ọjọ́ iṣẹ́ 250, tí ọjọ́ yẹn sì wà nínú rẹ̀, òun nìkan tó láti gbé standard deviation gbogbo ọdún dé nǹkan bí 0.022, kódà kí dọ́là má mì rárá ní gbogbo ọjọ́ yòókù. Quantile ní tirẹ̀ kò ní rí i. Ọjọ́ kan nínú 250 kò tó ohun tí 0.95 ń kà sí. Ẹni tó wo standard deviation á rò pé ojoojúmọ́ ni ewu ń bẹ, ẹni tó wo quantile á sì sùn fọnfọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan yẹn gan-an ló lè ba ilé iṣẹ́ jẹ́. Excel ò ní sọ fún yín. R ò ní sọ, Python náà ò ní sọ. Ẹ̀yin lẹ ó ya àwòrán rẹ̀, ẹ ó kọ plot(r, type="l") nínú R tàbí r.plot() nínú Python, ojú yín á sì rí òpó gíga kan ṣoṣo tó dá dúró láàárín pápá.

Ohun tó jọ ọ́ wà nínú iye ọ̀wọ́ngógó ọjà. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, ní 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ní oṣù kejìlá 2024, ó sì di 24.48 ní oṣù kìíní 2025. Bí ẹ bá da òpó náà sínú kóòdù láìwo ohun tó yí i ká, ẹ ó rò pé ọjà rọ̀ lóṣù kan. Àjọ náà ló yí ọdún tó fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ sí 2024, tó tún ìwọ̀n àwọn ọjà inú rẹ̀ tò. Mo mẹ́nu bà á nítorí mo ti rí ọ̀dọ́ tó mọ Python dáadáa tó fi iye méjèèjì yìí sórí ìlà kan náà, tó sì fi sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú fún àwọn ọ̀gá. Iṣẹ́ owó kò ní dárí jì yín nítorí pé kóòdù yín dùn-ún kà.

Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra á hàn lóṣù tó tẹ̀lé e. Fáìlì tuntun dé. Ẹni tó lo R tàbí Python á fi fáìlì tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, á mú kóòdù náà ṣiṣẹ́, ó parí. Ẹni tó lo Excel á tún fà, á tún lẹ̀, bí ìlà bá sì ti di 260, C251 inú fọ́múlà rẹ̀ ò ní mọ̀.

Excel: ẹ má sọ ọ́ nù

Ẹni tó bá ní kí ẹ pa Excel tì kò tíì jókòó ní ọ́fíìsì owó rí. Òun ni ọ̀gá ń ṣí, òun ni àwọn ọ́dítọ̀ ń gbà, òun ni oníbàárà ń fi ránṣẹ́. Fún ìṣirò kékeré tí ẹ fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò sóhun tó yá jù ú lọ. Ojú yín sì ń rí owó náà ní tààrà, èyí tó ń kọ́ni ní ohun púpọ̀ nígbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí èèyàn mọ àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀ bí i PivotTable, XLOOKUP àti Data Analysis ToolPak dáadáa kí ó tó kọ́ ohunkóhun mìíràn, kò burú.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ẹ gbà dé ibi ìdáhùn ń bọ́ sínú àpótí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Iye ni ojú ń rí. Ohun tó bí iye náà fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àwọn tó sì jìn sí kòtò yìí kì í ṣe ọmọdé.

Ní 2012, ẹ̀ka kan ní ilé iṣẹ́ JPMorgan ní Lọ́ńdọ̀nù pàdánù owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣèwádìí, wọ́n rí i pé inú fáìlì Excel mélòó kan ni wọ́n ti ń ṣírò ewu ìdókòwò yẹn, tí wọ́n ń fọwọ́ kó iye láti inú ọ̀kan lẹ̀ mọ́ inú òmíràn. Níbì kan, dípò kí wọ́n fi ìpíndọ́gba iye méjì pín, àròpọ̀ wọn ni wọ́n fi pín. Ewu wá kéré lójú ju bó ṣe rí lọ. Àṣìṣe yẹn nìkan kọ́ ló fa àdánù náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n máa rìn lọ nínú òkùnkùn.

Ti ìkejì kan àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff kọ̀wé pé tí gbèsè orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ bá ti ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ lọ, ìdàgbàsókè rẹ̀ á bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, nǹkan bí -0.1. Àwọn olóṣèlú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbé e kiri. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, gba fáìlì Excel náà lọ́wọ́ wọn, ó fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe, iye náà kò sì jáde. Fọ́múlà ìpíndọ́gba wọn dúró kí ó tó dé ìsàlẹ̀: orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ṣẹ́kù sẹ́yìn, Australia, Austria, Belgium, Canada àti Denmark. Nígbà tí òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ tún un ṣe, tí wọ́n tún ọ̀nà tí wọ́n fi wọn àwọn orílẹ̀-èdè náà àti àwọn ọdún tí wọ́n fò ṣe pẹ̀lú, ó di 2.2. Ẹ wo orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún yẹn dáadáa: bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara ní A, B, D ni wọ́n ṣe já sílẹ̀. Fífà tí kò dé ìsàlẹ̀ ni. Gbogbo wa ló ti fa fọ́múlà bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwọ̀n tún wà tí Excel kò lè kọjá. Ewé kan kò gba ju ìlà 1,048,576 lọ, fáìlì .xls àtijọ́ kò sì ju 65,536. Lọ́dún 2020, lákòókò Kòrónà, àjọ ìlera ní England kó àbájáde àyẹ̀wò sínú .xls, ìlà kún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000 àbájáde tó já sílẹ̀ láìsí ẹni tó fura lójú ẹsẹ̀. Báńkì tó ń gba owó lórí POS lè kún ìlà mílíọ̀nù kan láàárín ọjọ́ díẹ̀.

R: ọmọ àwọn oníṣirò

Àwọn olùkọ́ méjì ní yunifásítì Auckland ní New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, ló bẹ̀rẹ̀ R ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n gbé e ka orí S, èdè kan tí wọ́n ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1976. R 1.0.0 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìṣirò ló ṣe é fún àwọn tó ń ṣe ìṣirò, ó sì hàn nínú gbogbo ìwà rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2018, òfin ìṣirò IFRS 9 ti ní kí báńkì má dúró dìgbà tí oníbàárà bá kọ̀ láti san kó tó ya owó àdánù sọ́tọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti fojú díwọ̀n ohun tó ṣeé ṣe kó bàjẹ́ láti ọjọ́ tó ti yáni lówó. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ logistic regression, ìṣirò tó ń díwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe tó kí oníbàárà má san, fi níyì ní ẹ̀ka ewu lónìí. Nínú R:

m <- glm(kosan ~ owo + osu, family = binomial, data = d)
summary(m)

Ìlà kejì yẹn á tẹ́ gbogbo ohun tí ẹ nílò síwájú yín: bí owó tí wọ́n yá àti iye oṣù ṣe kan àìsan, àti bí ó ṣe dá wa lójú tó pé kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Nínú Python, àkójọ irinṣẹ́ tó ń jẹ́ statsmodels náà á ṣe é, ìwé tó máa tẹ́ sílẹ̀ sì jọ ti R. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ Python lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkójọ mìíràn, scikit-learn, ni wọ́n máa ń fi hàn wọ́n. LogisticRegression inú scikit-learn máa ń fún àwọn iye náà mọ́ra sí òdo bí ẹ kò bá sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í fún yín ní p-value, iye tí a fi ń wò bóyá àkọsẹ̀bá ni. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ ta ni kò ní san, kò burú. Fún ẹni tí ọ́dítọ̀ máa bi pé "kí ló dé tí iye yìí fi rí báyìí?", wàhálà ni.

Ohun tó le nínú R ni pé ọ̀nà púpọ̀ ló wà láti ṣe ohun kan. Ẹ ó rí kóòdù tí wọ́n kọ ní ọ̀nà àtijọ́, ẹ ó rí ti tidyverse, àkójọ irinṣẹ́ R kan, tó dà bí èdè míì pátápátá. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ mú tidyverse fún títò àti ggplot2 fún àwòrán, kí ẹ fi xts àti PerformanceAnalytics kún un bí ọ̀rọ̀ ṣíà bá kàn yín. Ẹ lo RStudio, ètò tí wọ́n ti ń kọ kóòdù R. Ìrànlọ́wọ́ inú rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà yín fúnra yín: ẹ kọ ?quantile, àlàyé á jáde láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tí dátà fóònù rẹ̀ máa ń tán kí oṣù tó parí.

Python: ọwọ́ rẹ̀ gùn

Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló gbé Python jáde ní 1991, kì í sì í ṣe fún ìṣirò owó. Ẹni tó sọ ọ́ di tiwa ni Wes McKinney, tó bẹ̀rẹ̀ pandas ní 2008 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní AQR, ilé iṣẹ́ ìdókòwò kan ní Amẹ́ríkà. Inú iṣẹ́ owó gan-an ni pandas ti jáde wá. Ó hàn nínú bó ṣe mọ ọjọ́, oṣù àti ìdámẹ́rin ọdún tó.

Agbára Python kọjá ìṣirò. Ó lè lọ bá dátábéèsì, kó gba fáìlì, kó ṣe ìṣirò, kó kọ ìwé Excel tuntun, kó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ nínú kóòdù kan. Fáìlì 14 tí àbúrò mi ń fọwọ́ lẹ̀, ohun tó máa dà wọ́n pọ̀ kò ju èyí lọ:

import glob
import pandas as pd
gbogbo = pd.concat([pd.read_excel(f) for f in glob.glob("eka/*.xlsx")])

R náà lè ṣe é. Àmọ́ bí iṣẹ́ yín bá ń fara kan àwọn tó ń kọ áàpù àti ìkànnì, bí i ti àwọn ilé iṣẹ́ fintech ní Yábàá, Python ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ara yín.

Ohun méjì ló máa ń kọ́kọ́ yọ ẹni tuntun lẹ́nu. Python ń ka nǹkan láti 0, R láti 1, ẹni tó bá ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn á ṣì í kà. Èkejì ni fífi sórí kọ̀ǹpútà: Anaconda, tó kó Python àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, tóbi, ó sì ń jẹ dátà. Colab, ibi ìkọ kóòdù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ò nílò fífi ohunkóhun sórí ẹ̀rọ, ó dára fún kíkọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa: orúkọ oníbàárà, BVN, nọ́ńbà àkántì, ẹ má gbé e sórí Colab, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀rọ kankan tó ń dáhùn ìbéèrè. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn èèyàn tó fi owó wọn sọ́wọ́ yín sì ti wà ṣáájú òfin yẹn.

Microsoft ti fi Python sínú Excel náà láti 2023. Orí kọ̀ǹpútà Microsoft níta ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí Python. Mi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó tibẹ̀ wọlé.

Ibi tí wọ́n ti ń dẹ pàkúté

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ńbà àkántì wa jẹ́ díjíìtì 10, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi òdo bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Excel ṣí CSV tó ní 0123456789, 123456789 lẹ ó rí. Bí ẹ bá tọ́jú fáìlì náà bẹ́ẹ̀, òdo ti lọ nìyẹn. pandas náà á jẹ ẹ́ bí ẹ kò bá kọ dtype=str síbi tí ẹ ti kà á, read.csv inú R á jẹ ẹ́ bí ẹ kò bá kọ colClasses="character". Bí àyè kan bá tún ṣófo nínú òpó náà, pandas á fi .0 sẹ́yìn gbogbo nọ́ńbà àkántì yòókù. Nọ́ńbà káàdì oní díjíìtì 16 ní tirẹ̀, Excel kò lè tọ́jú ju 15 lọ, ó máa ń sọ èyí tó gbẹ̀yìn di òdo. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú R àti Python ẹ ó kọ àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan, á wà níbẹ̀ títí. Nínú Excel, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì lè bà á jẹ́ láìmọ̀.

Àyè tó ṣófo. AVERAGE inú Excel á fò ó. mean inú pandas á fò ó. R á kọ NA sí yín lójú, kò ní ṣírò títí ẹ ó fi kọ na.rm = TRUE. Àwọn èèyàn máa ń bínú sí R nítorí èyí. Èmi ò bínú mọ́. Lọ́dún kan, ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka kan kò fi iye gbèsè tó bàjẹ́ ránṣẹ́ lóṣù méjì. Ìpíndọ́gba mi fò ó, iye náà sì dùn-ún wò. Mo gbé e síwájú àwọn ọ̀gá, wọ́n yìn mí. Ẹ̀ka yẹn gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́ jù. Ká ní R ni mo fi ṣe é ni, ìbá ti dá mi dúró kó bi mí pé níbo ni iye yìí wà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá lo Python, ìlà àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ lẹ́yìn kíka fáìlì ni d.isna().sum(), kí n lè mọ iye àyè tó ṣófo ní òpó kọ̀ọ̀kan.

Ìdajì. =ROUND(2.5,0) nínú Excel jẹ́ 3. round(2.5) jẹ́ 2 nínú R, ó sì jẹ́ 2 nínú Python, nítorí pé bí iye bá wà láàárín gédégbé, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ni wọ́n ń lọ bá. 3.5 ní tirẹ̀ á di 4 nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó fẹ́ kí kọ́bọ̀ inú kóòdù rẹ̀ bá ti lẹ́jà mu, kó rántí èyí kí ó tó máa wá olè kiri.

Standard deviation. Ká pe iye nọ́ńbà tí ẹ ń ṣírò ní n. sd inú R àti std inú pandas ń fi n-1 pín. np.std inú NumPy ń fi n pín bí ẹ kò bá yí i padà. Excel ní méjèèjì, STDEV.S àti STDEV.P. Lórí ọjọ́ 250 kò ní hàn. Lórí iye oṣù 12, ìyàtọ̀ náà súnmọ́ 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tó láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀ka méjì tí àwọn méjèèjì rò pé àwọn tọ̀nà.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

SQL kì í ṣe ohun tí ẹ ń yàn tàbí tí ẹ ń fi sílẹ̀. Inú dátábéèsì ni owó báńkì wà, SQL ni ẹ sì fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí SELECT, WHERE, GROUP BY àti JOIN tó láti bẹ̀rẹ̀, SQLite sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìdánrawò. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú R àti Python, ẹ fi èyí tì í.

EViews àti Stata jẹ́ ètò ìṣirò tí àwọn tó kọ́ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì mọ̀. Wọ́n dára, owó ni wọ́n ń gbà, ìmọ̀ wọn kò sì rọrùn láti gbé lọ sí ibòmíràn. SAS, ètò ìṣirò mìíràn, ṣì wà ní àwọn báńkì ńlá káàkiri ayé. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ti sanwó rẹ̀, ẹ kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀dà tí wọ́n jí sórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́.

Èwo wá ni tiyín?

Bí ẹ bá kàwé nínú ìṣirò, ọrọ̀ ajé tàbí ìmọ̀ ìbánigbófò, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ ewu, ìwádìí tàbí ìdíwọ̀n ẹ̀yáwó, R ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ohun tí ẹ ti mọ̀ á rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ kíkó fáìlì pọ̀, títò wọ́n, fífi ìròyìn ránṣẹ́, tàbí tí ẹ bá fẹ́ kúrò ní báńkì lọ sí ilé iṣẹ́ áàpù lọ́jọ́ kan, Python ni. Bí ọ̀gá yín kò bá ní wo ohunkóhun àyàfi Excel, ẹ fi kóòdù ṣe ìṣirò, kí ẹ wá jẹ́ kí Excel jẹ́ àwo tí ẹ fi gbé oúnjẹ náà síwájú rẹ̀. Ẹ má kọ́ R àti Python pọ̀ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Mo ti dán an wò, ọwọ́ mi kò ba èyíkéyìí.

Ìdí kan tún wà tó wọ̀n ju gbogbo èyí lọ: ta ló wà nítòsí yín tó mọ̀ ọ́n? Kóòdù tí kò ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí iná ti lọ, tí bátìrì ti ku díẹ̀, ẹni tó lè wá wò ó fún yín ju àlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ká ní ọ̀rọ̀ ìṣirò nìkan ni, R ni ǹ bá mú fún àbúrò mi, nítorí ẹ̀yáwó ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í, ó ní ọmọkùnrin kan tó ń tọ́jú dátábéèsì wọn jókòó sí tábìlì kẹta sí tirẹ̀, Python ló sì ń kọ. Mo ní kó mú Python.

Ó fi oṣù kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka fáìlì àti bí wọ́n ṣe ń to ìlà. Lóṣù kejì ó kọ kóòdù fún fáìlì 14 náà, ó sì ń fi ọwọ́ ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè fi wé ara. Iye méjèèjì kò bára mu. Ọjọ́ méjì ló fi wá a. Ó rí i pé ẹ̀ka kan ti ń fi fáìlì oṣù tó kọjá ránṣẹ́, tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà, òun sì ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ tàwọn yòókù láìmọ̀. Kóòdù ló ka ọjọ́ inú rẹ̀.

Lóṣù kẹta, kó tó gba ìsinmi, ó fi kóòdù àti fáìlì náà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin tábìlì kẹta yẹn. Ó ní kó mú un ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ó ń dúró létí fóònù. Iye kan náà ló jáde, dé orí kọ́bọ̀.